Ọjọ́ Tí Ìdí-Àfọ̀n Sọ̀yà

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà." Ta ni kò gbọ́ ọ rí? Àwọn tó ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ń pa á, àwọn tó ń gbẹ́ kànga ń pa á, ọkọ tó fẹ́ kí ìyàwó bá òun gbé àpótí náà ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ta ló mọ orírun rẹ̀? Ọwọ́ ta ni wọ́n kọ́kọ́ gbá jọ? Àyà ta ni wọ́n sọ? Kí ló dé tí òwe ò wí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń roko, tàbí pé òun la fi ń mọlé, tó fi jẹ́ pé àyà ló yàn? Ẹni tó bá rò pé àwọn àgbà kàn sọ ọ́ lásán ni, kó fara balẹ̀ díẹ̀. Àgbà kì í sọ̀rọ̀ lásán, àfi bí ebi bá ń pa á.

Ìlú kan wà láyé ogun, láyé tí àwọn baba ńlá wa ń fi odi yí ilé wọn ká. Ìdí-Àfọ̀n ni à ń pe ìlú náà. Odò Arẹ̀nì wà lẹ́yìn rẹ̀, odi gíga wà níwájú rẹ̀. Ìlú yìí kò ní ọba. Kì í ṣe pé wọ́n wá ọba tì o. Wọ́n sá kúrò lábẹ́ ọba kan ni, wọ́n sì ní àwọn ò tún fẹ́ ẹni tí yóò máa jókòó tí àwọn yóò máa dọ̀bálẹ̀. Abẹ́ igi àfọ̀n kan tó ga ju gbogbo ilé lọ ni wọ́n ti ń jíròrò, olórí ilé kọ̀ọ̀kan ló sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àṣà kan ṣoṣo ni wọ́n ní tó jọ oyè. Bí ogun bá ń bọ̀, ẹni tó bá gbójú nínú wọn yóò jáde síwájú ìlú lábẹ́ igi náà, yóò fi ọwọ́ lu àyà rẹ̀ gbì, gbì, gbì. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìsọ̀yà. Bí ìlú bá gbọ́ ọ, tí wọ́n sì dáhùn pé, "Àyà rẹ la ó tẹ̀ lé títí yóò fi dákẹ́!" ó parí, òun ni Ààrẹ. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé bí ogun bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí kò sí ohun tí à ń torí rẹ̀ sọ̀yà mọ́, kí kálukú padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó rántí sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ògúnkòyà ti rí wọn mú. Ó sọ̀yà lọ́dún ogun kan, ìlú dáhùn. Ó jà, ó sì ṣẹ́gun. A ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ogun parí tán, àwọn àgbà ní kó wá máa lọ sóko rẹ̀. Ògúnkòyà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

Ó ní, "Kí lẹ wí fún mi lọ́jọ́sí? Ẹ ní títí àyà mi yóò fi dákẹ́. Ó dáa, ẹ wá gbé etí lé e. Ṣé ó ti dákẹ́?"

Yéè! Àyà tó ń mí kì í dákẹ́ àfi lọ́jọ́ ikú olúwa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló fi so wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n ò sì rí ibi tú u. Bí ìlú tó sá fún ọba ṣe rí ohun tó burú ju ọba lọ nìyẹn. Ààrẹ Ògúnkòyà ti ìjókòó abẹ́ àfọ̀n pa. Ó ń kó àwọn ará abúlé oko wá mọ odi lóòjọ́, kò ní kí wọ́n fún wọn lómi mu. Ẹni tó bá sì bínú sí i, ilé onítọ̀hún á ṣófo.

Nínú ìlú náà ni alágbẹ̀dẹ kan wà tí ń jẹ́ Akínṣìpẹ̀. Ojú kan ló ní. Ìgbà tó wà lọ́mọdé tó ń fín ewìrì fún baba rẹ̀ ni èérún irin gbígbóná ta bá a lójú ọ̀tún, ojú náà sì lọ pátápátá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n a ní Elédùmarè gba ojú kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ẹnu méjì rọ́pò rẹ̀. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ a sì máa ro ọmọ. Bí wọ́n bá ti fẹ́ fìyà jẹ aláìṣẹ̀, Akínṣìpẹ̀ á ti dìde, á ti máa báni ṣìpẹ̀, kì í sì í wẹ̀yìn wo ẹni tí inú ń bí. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé rẹ̀, kó tó kú: kí ojú òun kan yìí tún rí i tí olórí ilé gbogbo jókòó lábẹ́ àfọ̀n, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù.

Obìnrin kan wà létí odò, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń fi igbá gbé èrò sọdá odò Arẹ̀nì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ igbá odò. Igbá ńlá tí a kò là ni, tó fẹ̀ débi pé apá àgbàlagbà kì í ká a tán. Èrò á dì mọ́ ọn lókè, ẹni tó ń tukọ̀ á wà nínú omi lẹ́yìn rẹ̀, á máa fi àyà tì í lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ààrẹ ní kí ọkọ Àwẹ̀ró gbé àwọn ẹrú tí òun fẹ́ lọ tà sọdá. Ọkùnrin náà ní ẹkún wọn pọ̀ jù, igbá òun kò lè gbé e. Ààrẹ ní kí wọ́n pa á, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀. Àwẹ̀ró sunkún. Kò sun ún nínú yàrá, ojú ọ̀nà ọjà ló ti sun ún, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé.

Wọ́n wọ́ ọ wá sábẹ́ igi. Ààrẹ fẹ́ kí gbogbo ìlú fi ojú rí ohun tí òun yóò fi ṣe é. Akínṣìpẹ̀ bá dìde láàrin èrò, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún èédú.

Ó ní, "Ààrẹ, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹ ní odi jẹ́ tiyín, a gbà. Ẹ ní odò jẹ́ tiyín, a gbà. Omijé ojú opó yìí ńkọ́? Ìgbà wo ni ìyẹn náà di tiyín?"

Èrò kùn hùn-ùn. Kò tíì sí ẹni tó gbọ́ irú ìkùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí Ògúnkòyà ti di Ààrẹ, òun pẹ̀lú kò gbọ́ ọ rí. Ó mọ̀ pé bí òun bá pa obìnrin náà lójú wọn, ọ̀rọ̀ lè yíwọ́. Ó jọ̀wọ́ Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n ó fi òfin de ẹnu Akínṣìpẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá tún gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ àfọ̀n, òun yóò rán an lọ bá ojú rẹ̀ kan tó ti ṣáájú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àwẹ̀ró wá dúpẹ́ ní àgbẹ̀dẹ. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí. Nígbà tó ń lọ, Akínṣìpẹ̀ fẹ́ bá a gbé igbá odò rẹ̀ rù. Ẹ̀mú ṣì wà ní ọwọ́ kan rẹ̀, ó bá fi ọwọ́ kejì gbé igbá. Igbá yí gbirigbiri wọ inú eérú. Àwẹ̀ró tó ti ń sunkún látàárọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ẹ̀mú yẹn sílẹ̀. Ẹnu yín ló dá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́sí. Ẹrù ò mọ ọ̀rọ̀ sọ ní tiẹ̀."

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí ogun ìlú Òkè-Ẹ̀gún fi dé. Ààrẹ Ògúnkòyà sọ̀yà, ó kó gbogbo akọni ìlú, ó jáde lọ pàdé wọn láìgbàmọ̀ràn. Inú àfonífojì kan ni wọ́n ti ká a mọ́. Èyí tó ní àyà òun kò ní dákẹ́ láé, ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó jókòó sílẹ̀, ó kó idà rẹ̀ fún ọ̀tá, wọ́n sì fà á lọ bí ewúrẹ́ tòun ti àwọn ọmọ ogun. Àwọn ará Òkè-Ẹ̀gún wá pàgọ́ yí odi Ìdí-Àfọ̀n ká, wọ́n fi àwọn mìíràn ṣọ́ odò ní òdìkejì. Wọ́n ní àwọn ò ní jà. Ebi ni yóò bá àwọn jà.

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé ni àwọn àgbà tún jókòó lábẹ́ àfọ̀n. Wọ́n ní àyà tó kó idà fún ọ̀tá ti dákẹ́ lójú àwọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Akínṣìpẹ̀. Ó jókòó láàrin wọn, ojú rẹ̀ kan ń ṣomi, inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ohun tó ń wá láyé rẹ̀ ló rí yìí, ṣùgbọ́n bí ìlú bá ṣubú, ìjókòó náà yóò bá a ṣubú, wọn kò sì ní tún dìde mọ́. Oúnjẹ ń tán. Kò sí jagunjagun. Ibi kan ṣoṣo ni ìrànlọ́wọ́ lè ti wá, òun náà ni àwọn abúlé oko tó wà ní òdìkejì odò, àwọn tí Ààrẹ ti fi iṣẹ́ odi pọ́n lójú. Ta ni yóò lọ bẹ̀ wọ́n? Gbogbo ojú yí sí Akínṣìpẹ̀.

Ó ní, "N óò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Alágbẹ̀dẹ ni mí, iná ni mo mọ̀. N kò mọ omi í wẹ̀."

Àwẹ̀ró dáhùn láàrin àwọn obìnrin. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ wẹ̀? Ṣebí igbá ni yóò gbé yín. Tèmi ni kí n tì í."

Obìnrin yìí gbọ́n. Ìgbà ọyẹ́ ni, kùrukùru sì máa ń bo odò láràárọ̀ débi pé èèyàn ò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí gbogbo ilé kó igbá wọn wá, àtèyí tí a là àtèyí tí a kò là. Kò sí ìyàwó ilé tó fi tirẹ̀ pamọ́. Àwọn tí ìyá wọn fi igbá fínfín ṣe ìdána fún pẹ̀lú gbé e wá. Láràárọ̀ ni wọ́n ń sọ igbá sómi kí odò máa gbé e lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ ogun Òkè-Ẹ̀gún ń sáré wọ odò, wọ́n ń yọ igbá, wọ́n ń wo inú rẹ̀, wọn ò rí nǹkan. Nígbà tó pẹ́, ó sú wọn. Wọ́n ní ebi ti ń yí àwọn ará Ìdí-Àfọ̀n lórí, wọ́n ti ń kó igbá ilé wọn dànù. Ní tòótọ́, ewé ni gbogbo ìlú fi ń jẹ ìwọ̀nba tó kù.

Nígbà tí ojú ọ̀tá ti mọ́ igbá, Akínṣìpẹ̀ wọ omi ní òwúrọ̀ kan. Ó di igbá ńlá mú, wọ́n fi ààbọ̀ igbá bo orí rẹ̀, wọ́n da igbá òfìfo yòókù sómi yí i ká. Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn nínú omi, ààbọ̀ igbá lórí tirẹ̀ náà, ó ń fi àyà tì í. Omi ọyẹ́! Òtútù wọ Akínṣìpẹ̀ dé ọ̀rá egungun. Ọ̀nà ti fẹ́ẹ̀ tán nígbà tí wọ́n gbọ́ tí omi ń ró jàbú-jàbú. Ọmọ ogun kan ló wọ odò wá, ó na ọwọ́, ó mú igbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Akínṣìpẹ̀ gan-an. Akínṣìpẹ̀ pa ojú rẹ̀ kan dé. Ikọ́ gbé e lọ́fun, ó gbé e mì. Ọmọ ogun náà yẹ igbá wò, ó pòṣé.

"Igbá òfìfo! Èmi ọmọ akin, igbá òfìfo ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́!"

Ó jù ú nù, ó padà lọ yáná. Àwẹ̀ró ń tì, ó ń tì, kò sinmi, títí igbá fi kanlẹ̀ lábẹ́ igbó kan nísàlẹ̀ odò. Akínṣìpẹ̀ fẹ́ dúpẹ́, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ kùnà nìyẹn.

Baálẹ̀ Ọdẹ́gbèye ni olórí àwọn abúlé oko náà. Ó gba Akínṣìpẹ̀ lálejò, ó ní kí wọ́n dáná fún un, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí i.

Ó ní, "Akínṣìpẹ̀, o káàbọ̀. Ìwọ ò ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ààrẹ ń kó wa lọ mọ odi, ta ni nínú ẹ̀yin ará ìgboro tó bu omi fún wa mu? A ò bá yín jẹ ẹran ogun rẹ̀, a ò ní bá yín kú ikú rẹ̀."

Láti ojú ọ̀nà ni Akínṣìpẹ̀ ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ, ọ̀rọ̀ tó dùn, tó ní òwe nínú. Nígbà tó gbọ́ èyí, ó pa gbogbo rẹ̀ tì. Ó dìde nídìí iná, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú aṣọ tútù. Ará ìgboro kan kò dọ̀bálẹ̀ fún ará oko rí ní ilẹ̀ náà.

"Baálẹ̀, a jẹ̀bi yín. Odi tí ẹ fi òùngbẹ mọ yẹn ni ọ̀tá ò rí wó títí di òní. Òun ló gba ọmọ wa, òun ló gba ìyá wa. Ẹnikẹ́ni ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín rí. Kí n tó bẹ̀ yín ní ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni."

Baálẹ̀ nu imú rẹ̀.

"Dìde, jàre, ilẹ̀ tutù. Àní mo ní kó o dìde. Bí a bá wá, ṣé a ó tún padà di ẹni tí wọ́n ń kó lọ kó ẹrẹ̀?"

"Rárá, Baálẹ̀. Ẹ ó ní ìjókòó lábẹ́ àfọ̀n bíi ti olórí ilé gbogbo."

Ohun tí wọ́n ṣe kò gba ariwo. Àwọn ará oko mọ ìgbẹ́ í sun ju bí ẹnikẹ́ni ṣe mọ idà í jù lọ. Wọ́n sọdá odò lóru níbi tí kò sí olùṣọ́, wọ́n dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kọjú sí ibùdó Òkè-Ẹ̀gún, wọ́n ti iná bọ koríko lẹ́yìn àgọ́ wọn, wọ́n sì fi àdá àti ọkọ́ tẹ̀ lé iná. Àgọ́ koríko gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà nínú odi ṣí ibodè, arúgbó, aboyún, gbogbo wọn tú jáde pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Ogun Òkè-Ẹ̀gún sá títí, wọn ò wẹ̀yìn. Akínṣìpẹ̀ ńkọ́? Orí ẹní ni Akínṣìpẹ̀ wà. Òtútù odò ti kọlù ú láyà, ó ń wúkọ́, ìyàwó Baálẹ̀ ń fún un ní àgbo mu. Nígbà tó gbọ́ pé ìlú bọ́, ó sunkún bí ọmọdé, ó wá bèèrè ọ̀nà ibi tí ìjà ti ń lọ, wọ́n ní ìjà ti tán.

Nígbà tí ara rẹ̀ mókun díẹ̀, Ìdí-Àfọ̀n pe ọjọ́ ọpẹ́. Àwọn abúlé oko gbé iṣu wá, ẹrù iṣu gun ara wọn. Kò sí igbá nílé ẹnikẹ́ni, odò ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ, ewé eéran ni wọ́n fi ń pín iyán. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Wọ́n gbé Akínṣìpẹ̀ lé èjìká wọlé, àwọn obìnrin ń kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, àwọn tí ọmọ wọn ì bá ti kú ń fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú wọn dùn, ọpẹ́ sì kún wọn débi pé wọn ò mọ ibi tí wọn yóò dà á sí.

Baba Fátónà, tó dàgbà jù lọ nínú wọn, bá dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kí la ó fi san án fún ọkùnrin yìí? N kò rí ohun kan àfi èyí tó tóbi jù lọ. Akínṣìpẹ̀, bọ́ síwájú. Sọ̀yà kí a dá ọ lóhùn!"

Hóò! Gbogbo ìlú hó. "Sọ̀yà! Sọ̀yà! Akínṣìpẹ̀, sọ̀yà!"

Akínṣìpẹ̀ bọ́ síwájú. Ẹ má jẹ́ ká purọ́: ó wù ú díẹ̀. Ta ni kì í wù? Ó wò wọ́n pẹ̀lú ojú rẹ̀ kan, ìfẹ́ wọn sì kún un lọ́kàn. Bí wọ́n bá ní kó kú fún wọn nígbà náà, yóò kú. Ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè dé àyà kó tó rántí ohun tí ìlú yóò dáhùn. Títí yóò fi dákẹ́. Bí òun bá lù ú pẹ́nrẹ́n, tí wọ́n bá dáhùn pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ náà tún ti so wọ́n. Òun kò ní ṣe wọ́n níbi, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ, ọmọ rẹ̀ yóò sì bí ọmọ, ọ̀kan nínú wọn yóò sì wí lọ́jọ́ kan pé ẹ wá gbé etí lé àyà mi. Bí ó bá sì kọ̀ ńkọ́? Ọjọ́ ọpẹ́ nìyí. Ẹni tó kọ ọpẹ́ ìlú dójú ti ìlú. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí Àwẹ̀ró níbi tó ti ń pín iyán lórí ewé.

Ó ká ìka ọwọ́ rẹ̀ kò, ó ku ẹyọ kan. Ó fi ìka kan náà lu àyà rẹ̀.

Kò dún. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní, "Ó ti sọ ọ́ ni? A ò gbọ́!" Ó tún lù ú. Kò dún. Baba Fátónà ní, "Akínṣìpẹ̀, kí ni èyí? Ṣé àìsàn náà ò tíì lọ ni?"

Ó ní, "Baba, àìsàn ti ń lọ. Ìka kan ni mo fi lù ú, nítorí ìka kan ni tèmi nínú iṣẹ́ yìí, ẹ sì gbọ́ bí ó ṣe dún. Ẹnu ni mo gbé lọ, ẹnu ni mo gbé bọ̀. Ta ló kó igbá ìdána rẹ̀ sómi? Èmi kọ́. Ta ló ti iná bọ koríko? Orí ẹní ni mo wà, ìyàwó Baálẹ̀ ń nu imú fún mi." Àwọn ará oko rẹ́rìn-ín. "Àyà tó tì mí la odò Arẹ̀nì kọjá nínú òtútù yẹn, àyà mi kọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àyà Àwẹ̀ró ni. Ẹ fẹ́ dúpẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúpẹ́. Èmi náà fẹ́ dúpẹ́, ọkàn mi fẹ́ bẹ́ fún ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kó ọpẹ́ ìlú lé ẹnì kan lọ́wọ́, kó má tún di ìdè wa."

Ó wá kó ìka rẹ̀ márààrún pọ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ó sì fi lu àyà rẹ̀. Gbì! Ó dún débi pé ikọ́ gbé e.

"Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó yá, kí olúkúlùkù gbá ọwọ́ tirẹ̀ jọ. Ìgboro, oko, ọkùnrin, obìnrin. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ pọ̀."

Kò sí ẹni tó mira. Wọn ò ṣe é rí; ẹnì kan ló ń sọ̀yà, ìlú a sì dáhùn. Bí gbogbo ìlú bá sọ̀yà, ta ni yóò dáhùn? Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ gbé ewé sílẹ̀. Ó rìn wá síwájú, ó wo Akínṣìpẹ̀, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó yé yín wàyí. Ṣebí ojú mi ni igbá ti já bọ́ lọ́wọ́ yín. Àjèjé ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí."

Ó sì sọ̀yà. Baálẹ̀ Ọdẹ́gbèye tẹ̀ lé e. Àwọn tó mọ odi sọ̀yà, àwọn tó kó igbá sómi sọ̀yà, Baba Fátónà fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ arúgbó lu àyà arúgbó. Ìró náà mi ewé orí àfọ̀n. Ohùn kan ni wọ́n fi parí rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn: "Àyà wa la ó tẹ̀ lé títí yóò fi dákẹ́!"

Láti ọjọ́ náà, kò sí Ààrẹ kankan mọ́ ní Ìdí-Àfọ̀n. Àwọn ará oko jókòó pẹ̀lú ará ìgboro, Àwẹ̀ró náà sì ní àpótí tirẹ̀ níbẹ̀. Akínṣìpẹ̀ padà sí àgbẹ̀dẹ. Ó ń wá sábẹ́ igi, ó ń sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á gbà, nígbà mìíràn wọ́n á ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bọ́ sí i, á sì fi ẹ̀rín lọ sílé. Nígbà tó kú lọ́jọ́ ogbó, ìlú ò mọ bí wọn yóò ṣe kí i. Wọ́n gbé e gba abẹ́ àfọ̀n kọjá, wọ́n dúró, wọ́n sì sọ̀yà pọ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ ọpẹ́. Àyà Akínṣìpẹ̀ ti dákẹ́. Ti ìlú kò dákẹ́.

Orírun òwe náà nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Akínṣìpẹ̀ ló sọ èkíní, Àwẹ̀ró ló fi èkejì gbè é: "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjé ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí." Àwọn àgbà a máa pa á bí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀ tí ẹnì kan kò lè dá ṣe, kí olúkúlùkù lè mú ọwọ́ tirẹ̀ wá. Wọ́n a sì máa pa á lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, tí ẹnì kan bá fẹ́ gba gbogbo ọpẹ́ mọ́ra, tàbí tí àwa fúnra wa bá fẹ́ dì í ru ẹnì kan. Bí wọ́n bá pa á fún ọ lọ́jọ́ náà, má bínú. Na ìka rẹ kan, fi lu àyà rẹ, kí o sì fetí sí i bóyá yóò dún.